Òkúta Ìsàlẹ̀ Òkun Nínú Òkìtì Ọ̀dà

Ajé, 7 Òkúdu 2010

Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ jókòó kí òun tó sọ̀rọ̀, kí olùkọ́ yáa dúró. Èmi jókòó. Ọ̀gá Ọdúnjọ nu awò ojú wọn, wọ́n wo ìta, wọ́n ní ọmọ mẹ́sàn-án péré ló mú Jọ́gíráfì ní SS1 lọ́dún yìí. Bí àwọn JS3 tó máa mú un lọ́dún tó ń bọ̀ kò bá pé ogún kí a tó gba họlidé, wọ́n á fi àkókò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, èmi á sì máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Sósíà Sítọ́díìsì.

"Ẹ má bínú, Àǹtí Àrínọlá. Àwọn òbí ló ń sanwó, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń bèèrè."

Mo bínú. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ Jọ́gíráfì, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn tó o. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní yàrá kan lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, ọjọ́ kẹta oṣù Agẹmọ, kí n lè fi nǹkan kan fa ojú àwọn JS3 mọ́ra. Yàrá tí wọ́n ń kó àga kíkán sí ni wọ́n fún mi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Mo dúpẹ́.

Òjò rọ̀ láti Ìlásàn dé Ajah. Àwọn tó ń ṣe títì tún ti gbé ọ̀nà gba ibòmíràn.

Ọjọ́rú, 9

Mo bi JS3 pé níbo ni òkúta ti ń wá. Tolúwani nawọ́ sókè.

"Inú típà, mà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ dìde. Quadri, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, dìde gbagidi. "Típà tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, mà."

Ta ni n ó dá lẹ́bi? Ajah ni wọ́n bí wọn sí. Gbẹ́ ilẹ̀ Ajah, o ó bá iyanrìn, o ó bá omi, o ó tún bá iyanrìn. Gbogbo òkúta tí àwọn ọmọ yìí ti rí rí láyé wọn ni ọkọ̀ gbé wá. Lẹ́yìn kíláàsì, Tolúwani tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé òkúta kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá?" Mo ní ó pọ̀ lọ súà. Ó wò mí bí ẹni pé mò ń tan òun.

Àbámẹ́ta, 12

Bùọ̀dá Akínbọ̀dé dé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí jẹ́ ẹnjiníà nínú ọkọ̀ ojú omi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wa òkúta láti ìsàlẹ̀ òkun, láàárín ilẹ̀ wa àti Brazil. Àwọn arákùnrin ẹlòmíràn a máa gbé pafíùmù bọ̀. Tèmi gbé òkúta bọ̀. Ó tó ìkúùkù ọkùnrin, ó dúdú, ó sì wúwo ju bó ti yẹ kí òkúta kékeré wúwo lọ. Wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n dán an.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ara òkè tó gùn ju gbogbo òkè orí ilẹ̀ lọ ni wọ́n ti yọ ọ́, òkè tó la àárín òkun já láti àríwá dé gúúsù, tí ojú ènìyàn kì í rí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀, èmi fúnra mi kò fọwọ́ kàn án rí.

"Má gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì o," Bùọ̀dá wí. "Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí."

Ajẹntínà na wá ní góòlù kan nínú bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé. Bíọ́dún ọkọ mi kò lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ tó ti ń ṣe é láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tíì lọ, orógbó ló ń jẹ sí i látàárọ̀. Èmi ní tèmi, kò dùn mí rárá.

Àìkú, 13

Bí òkúta yìí bá gbẹ, ó máa ń funfun bí eérú, ẹwà rẹ̀ a sá pamọ́. Mo ní kí n fi òróró pa á, òróró ti tán. Epo pupa ni mo rí. Mo fi pa á, mo gbé e sínú abọ́ tánganran funfun, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, mo fi aṣọ funfun bò ó nítorí eruku títì. Bíọ́dún kó orógbó rẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀, 17

Màmá, ìyá Bíọ́dún, dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ru ọlọ wá. Ọlọ odidi, pẹ̀lú ọmọ ọlọ, nínú àpò sìmẹ́ńtì. Awakọ̀ ní òun rò pé òkú èèyàn ni. Màmá ní ata tí a bá fi ẹ̀rọ iná lọ̀ kì í já ọbẹ̀ mọ́ra, àwọn ò sì lè máa jẹ irú rẹ̀ fún odidi oṣù kan nínú ẹ̀sítéètì Abraham Adésànyà.

Mo gbé ọlọ náà síta, mo da omi sí i, mo wo àwọn hóró rẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn: funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú. Gíráníìtì Abẹ́òkúta gan-an. Mo béèrè bóyá mo lè yá a fún ilé ìwé. Màmá ní, "Ọlọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé ló kù tí mi ò tíì rí." Wọ́n gbà.

Gíríìsì náà tún nà wá. Ilé dákẹ́ bí ilé òkú.

Ìṣẹ́gun, 22

Ẹ̀kọ́ dùn lónìí. Mo ní kí JS3 fojú inú wò ó: òkúta yíyọ́ ń sun jáde láti inú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó pàdé omi tútù, ó dì lójú ẹsẹ̀. Àwọn hóró inú rẹ̀ kò ráyè dàgbà, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi dúdú tí ó sì kúnná. Gíráníìtì ní tirẹ̀ kò kánjú. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ló ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, hóró rẹ̀ sì tóbi débi pé ojú lásán ń kà á. Ti òkun wúwo, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ rẹ̀ fi lọ sísàlẹ̀. Ti ilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó léfòó lórí ohun tó wúwo jù ú lọ, àwọn òkè ńlá sì ní gbòǹgbò tó wọlẹ̀ jìn.

Mo tún sọ fún wọn pé nígbà tí ti òkun ń dì, ó di ibi tí àríwá wà lọ́jọ́ náà mú sínú ara rẹ̀, pé òòfà kékeré ni. Quadri ní kí n gbé e wá kí àwọn rí i. Mo ní kí ó fara balẹ̀, ọjọ́ àwọn òbí kò jìnnà.

Tòmátì ti tún wọ́n. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ní ó fà á. Ohun gbogbo ni ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ń fà báyìí.

Ẹtì, 25

Àrá sán lọ́sàn-án yìí, ó lu tiransifọ́mà ẹ̀sítéètì wa. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti fọ abọ́ tánganran funfun náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Òkúta kò sí. Orógbó kò sí. Màmá ń kọrin ẹ̀mí ní bálíkóní.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí òkúta kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Jẹ́ kí ọkọ ẹ dé ná."

Àbámẹ́ta, 26

Ẹdùn àrá ni Màmá pè é.

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ níwájú Bíọ́dún, ohùn wọn tutù, bí ẹni tó ṣe ohun tó tọ́. "Mo ṣí aṣọ, mo bá òkúta dúdú nínú abọ́ funfun. Ẹ ti fi epo pupa rẹ́ ẹ lára. Orógbó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àrá wá ń wá a bọ̀ wálé. Kí ni kí n pè é, góòlù? Mo gbàdúrà, mo gbé e jù sórí òkìtì tí àwọn tó ń ṣe títì kó sí iwájú géètì, kí katapílà tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Bíọ́dún rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi kò gba kí n jágbe mọ́ ìyá ọkọ mi, ni mo bá lọ sí kíṣìnì, mo kúnlẹ̀ ti ọlọ, mo lọ ata tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Omijé ń bọ́, mo sì rí ohun tí n ó dá lẹ́bi: ata ló ta mí lójú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Màmá kò ṣì rí rárá. Bí èmi náà bá wọ ilé onílé tí mo bá irú rẹ̀, n ó sá.

Àìkú, 27

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bíọ́dún jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ṣàlàyé pé Bùọ̀dá Akínbọ̀dé ló gbé òkúta náà wá láti ìsàlẹ̀ òkun.

Màmá fò dìde. "Òkun? Ṣé ti Olókun ni ẹ tún wá gbé sínú ilé?"

Ìbínú mi tán níbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sídìí ọlọ wọn, mo fi àwọn hóró inú rẹ̀ hàn wọ́n, mo sọ bí ti ilẹ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó dì, bí ti òkun ṣe ń kánjú. Mo sọ fún wọn pé kí òkun Lẹ́kkí yìí tó wà rárá ni àpáta Olúmọ ti darúgbó. Ìyẹn wọ̀ wọ́n létí.

"Olúmọ ni ẹ̀gbọ́n òkun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀." Wọ́n fọwọ́ pa ọlọ wọn lára. "Ẹni tó dá Olúmọ, ṣé òun náà ló dá èyí tí mo sọ nù?" Mo ní òun ni. Wọ́n ní, "Ó dára. Lọ wá a. Mo máa bá ẹ gbàdúrà sí i."

Ajé, 28

Òkìtì náà ga ju ilé alájà kan lọ. Ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ha kúrò lójú títì ni, gbogbo òkúta inú rẹ̀ ló sì dúdú. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ dúdú rẹ̀ ni mo ti rò pé n ó fi dá a mọ̀.

Fọ́ọ̀mánù tó ń bójú tó ibẹ̀ ń jẹ́ Bọ̀sún, ọkùnrin kúkúrú tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ojú rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó wo òkìtì, ó wo èmi.

"Àǹtí, òkúta lẹ ń wá nínú òkúta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá Bọ̀sún."

"Ẹ̀yin tíṣà. Ó dáa, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ lọ́dà máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ máa wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá dé akoto ò gbọdọ̀ gùn ún."

Mo dé ilé ìwé pẹ̀lú ìrònú. Níbo ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn àkókò oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá ta sí mi lọ́kàn: abẹ́rẹ́ tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo sáré lọ kó kọ́ńpáàsì mẹ́ta tí ilé ìwé ní.

Ìṣẹ́gun, 29

Àwọn ọmọ SS1 mi wá, Tolúwani àti Quadri náà sì wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn. Gbogbo wọn dé akoto tó tóbi jù wọ́n lọ. A ń rọra gbé kọ́ńpáàsì kọjá lórí òkìtì, bí ẹni tó ń wá ẹyin adìẹ nínú koríko.

Abẹ́rẹ́ yí lóòótọ́. Ó yí sí ìṣó. Ó yí sí ìdérí kóòkì. Ó yí sí sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti kán, sí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹnì kan, sí ìdajì ṣọ́bìrì. Garawa kan kún fún irin, Ọ̀gá Bọ̀sún ní kí a máa bọ̀ lójoojúmọ́, táyà òun ò ní jò mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, Quadri ké pé òun ti rí i. Ó dúdú, ó tó ìkúùkù. A fi kẹrosíìnì nù ún, ọ̀dà ṣí kúrò: funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú, hóró ńláńlá. "Ọmọ Abẹ́òkúta ni," Tolúwani wí, ó sì sọ ọ́ padà. Kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òfo la fi lọ sílé.

Ọjọ́rú, 30

A rí i.

Òjò ṣẹ́ wẹ́liwẹ́li láti àárọ̀, òkìtì ń yọ̀. Mo ti ń rò ó lọ́kàn bí n ó ṣe kọ́ ọmọ kékeré ní Sósíà Sítọ́díìsì láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò fẹ́. Màmá jókòó sábẹ́ agbòòrùn nídìí géètì, Bíbélì lórí ẹsẹ̀, wọ́n ń kígbe "Ẹ wo apá ọ̀tún, apá ọ̀tún ni mo jù ú sí" fún ìgbà kẹta, bẹ́ẹ̀ lánàá apá òsì ni wọ́n sọ.

Ẹsẹ̀ òkìtì lápá ọ̀tún ni Tolúwani kúnlẹ̀ sí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní ìṣó ni, kó kúrò.

"Rárá, mà. Ẹ wá wò ó. Ìṣó máa ń fa abẹ́rẹ́ ni. Eléyìí, tí mo bá yí i síbí, á fà á. Tí mo bá yí i sọ́hùn-ún, á lé e."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wọ ẹrẹ̀ àti ọ̀dà, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Quadri da kẹrosíìnì sí i. Ẹ̀gbẹ́ tó dán jáde, dúdú, kúnnákúnná. Mo dì mọ́ Tolúwani, akoto tirẹ̀ gbá tèmi, gbogbo wa sì ń fò lójú òjò. Ọ̀gá Bọ̀sún fọn fèrè iṣẹ́ láìnídìí. Màmá ti kọrin ọpẹ́ dé ẹsẹ kejì kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ẹtì, 2 Agẹmọ

Mo fi òróró ẹ̀pà pa á. Orógbó tuntun tí Bíọ́dún rà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tì í ní kọ́kọ́rọ́.

Àbámẹ́ta, 3

A kó àga kíkán jáde, a gbé tábìlì méjì sí i. Ọlọ Màmá wà lórí ọ̀kan, òkúta òkun wà lórí èkejì, ìwọ̀n wà láàárín pẹ̀lú gíráníìtì kan tó tó òkúta òkun gẹ́lẹ́, kí wọ́n lè rí èyí tó wúwo. Tolúwani mú kọ́ńpáàsì, Quadri mú ẹnu.

Wákàtí àkọ́kọ́, àwọn òbí ń kọjá lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ohùn wa mọ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Màmá ló yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n wá wo ọlọ wọn, wọ́n rí i pé kò sí èrò, wọ́n dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè wọn. "Ẹ wá wo òkúta tí mo pè ní ẹdùn àrá, tí mo gbé sọ nù lórúkọ Jésù." Bàbá kan dúró. Ìyàwó rẹ̀ dúró. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti orí epo pupa, wọ́n kò fi ohunkóhun pamọ́ nípa ara wọn, wọ́n tún fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n dé orí Olókun, yàrá ti kún dé ìta. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán, wọn á fẹ́ rí òkúta náà, Tolúwani á sì gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á yí, gbogbo wọn á ní "Ẹ̀n-ẹ́n."

Màmá a sì máa parí ọ̀rọ̀ fún wọn bákan náà: "Ti òkun kánjú, ti wa ò kánjú. Olúmọ ni ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Ọdúnjọ wọlé. Wọ́n ní kí Tolúwani fún àwọn ní kọ́ńpáàsì. Wọ́n yí òkúta síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ṣe é títí tí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ní kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹtì, 9

Ọ̀gá tún ní kí n jókòó. Mo dúró lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló mú Jọ́gíráfì. Orúkọ Quadri wà níbẹ̀, a kọ ọ́ tóbi ju ti gbogbo èèyàn lọ. Mo béèrè fún bọ́ọ̀sì tí yóò kó gbogbo wọn lọ Abẹ́òkúta kí a tó gba họlidé. Ọ̀gá nu awò ojú wọn. Wọ́n ní ṣé òkúta tó wà nílé ìwé kò tó ni? Mo ní kò tó. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo dé ilé, mo jó ní kíṣìnì láìsí orin. Bíọ́dún bá mi jó. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ.

Àbámẹ́ta, 17

A lọ Olúmọ. Màmá ti ṣáájú wa dé, wọ́n dúró nídìí àpáta pẹ̀lú kúlà omi bí onílé tó ń retí àlejò. Àwọn ọmọ sáré gun òkè, Quadri ń pariwo pé kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Tolúwani kò sáré. Ó dúró nísàlẹ̀ níbi tí àpáta ti wọ inú ilẹ̀, ó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ àpáta náà yí ká díẹ̀, ó ń wá ibi tó parí sí. Ó fi ọwọ́ pa á lára, ó wo àwọn hóró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gìdì, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀kùn wò. Kò mì.

Mo gùn ún lọ bá a. Mo rò pé yóò bi mí ní ìbéèrè.

"Àǹtí," ó ní, "ẹnikẹ́ni ò gbé e wá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó, mo jókòó tì í. Òkúta náà gbóná díẹ̀ nítorí oòrùn. Ibẹ̀ la wà títí Màmá fi ké sí wa pé oúnjẹ ti délẹ̀.